Ọjọ́ mẹ́fà ní Sibiu, ìlú tí òrùlé rẹ̀ lójú

Ọjọ́rú

Ẹrù ló gbé mi dé Sibiu. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà ní Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọmọ abúlé Sibiel, ní ìtòsí Sibiu, ní àárín gbùngbùn Románíà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun àti ìyá rẹ̀ ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń wá ibi tí owó ọwọ́ mi lè ká fún ìsinmi nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó ní, “Máa lọ sí ìlú wa. Wàá bá mi mú nǹkan dání fún màmá mi.” Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ní àdúgbò wa tí ìdajì àpótí rẹ̀ kì í ṣe ẹrù ẹlẹ́rù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: bàtà aláwọ rírọ̀ kan, oògùn tí wọ́n ń fi para orúnkún, páálí tíì méjì, àti fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ nínú férémù kékeré.

£300 ni mo yà sọ́tọ̀ fún gbogbo rẹ̀, láti owó ọkọ̀ òfurufú dé owó omi mímu. Ọkọ̀ kan wà tó ń ti Luton lọ tààrà sí Sibiu. Àlọ àti àbọ̀ gba £68 lọ́wọ́ mi nítorí pé mo rà á ṣáájú oṣù méjì, àpò ẹ̀yìn kékeré nìkan ni mo sì gbé. Páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní, n kò gba físà. Ẹni tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà ló ń lò gbọ́dọ̀ wá físà Schengen, nítorí Románíà ti wọ inú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà: ti ojú òfurufú ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ti orí ilẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025.

Pápákọ̀ òfurufú wọn kò tóbi, kò sì jìnnà sí ìlú. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo fi káàdì sanwó, ọkọ̀ já mi sí ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí mo fẹ́ sùn. Lei ni wọ́n ń pe owó wọn, ẹyọ kan ni leu. Pọ́n-ùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lei 6. Ike ni owó bébà wọn, kì í ya. Bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá tí èèyàn mẹ́fà ń sùn jẹ́ lei 80 lóru kan, ní ìsàlẹ̀ ìlú, ibi tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ń gbé láyé àtijọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo jáde tí mo rí àwọn ojú. Wọ́n ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n ara mi ṣì bù máṣọ. Òrùlé amọ̀ pupa, ó ga fíofío, ó sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí amọ̀ òkè wọn tẹ̀ bí ìpéǹpéjú. Ẹ ó rò pé ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú láti ojú oorun ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà ní àjà: orí àjà ni wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ sí i kó má bàa bu. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n jọ, gbogbo òpópónà ni wọ́n sì fi ń wo èèyàn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kan, mo wò wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́bọ

Òjò òru ti dá. Mo ra covrigi méjì gbígbóná lójú fèrèsé kan, búrẹ́dì tí wọ́n lọ́ bí òrùka tí wọ́n fi iyọ̀ àti yànmọ̀tí wọ́n lára. Lei 7 ni méjèèjì, ó sì gbé mi dé ọ̀sán.

Ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀ ni Sibiu pín sí, àtẹ̀gùn ló so wọ́n pọ̀. Mo gba Pasajul Scărilor, àtẹ̀gùn tó gba abẹ́ àwọn ọwọ̀n tó tẹ̀ bí òṣùmàrè láàárín odi méjì, mo yọ sókè. Gbàgede ńlá wọn, Piața Mare, fẹ̀ débi pé ohùn èèyàn máa ń sọnù nínú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni ilé ìṣọ́ Turnul Sfatului wà. Mo sanwó kékeré, mo gun òkè. Ẹni tó bá ti dúró ní Mápó rí, tó wo bí páànù ìpẹtà Ìbàdàn ṣe tẹ́ lọ láìlópin, yóò mọ ohun tó ṣe mí níbẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni. Ìyàtọ̀ ni pé amọ̀ ni tiwọn, òkè Făgăraș sì dúró lẹ́yìn ìlú náà bí ògiri tí kò sẹ́ni tó mọ ọ́n.

Kì í ṣe àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí ló kọ́ ìlú yìí. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń pè ní Saxon ni. Ọba Hungary ló pè wọ́n wá láti ìwọ̀-oòrùn ní àárín ọ̀rúndún kejìlá pé kí wọ́n wá ṣọ́ ẹnubodè ilẹ̀ òun, kí wọ́n sì máa ṣòwò. Ọdún 1191 ni orúkọ ìlú náà kọ́kọ́ hàn nínú ìwé, Cibinium. Hermannstadt ni àwọn Saxon ń pè é, orúkọ yẹn sì ṣì wà lára pátákó tó wà lẹ́nu ìlú. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ ló ń ṣọ́ odi: ní òpópónà Cetății, ilé ìṣọ́ àwọn amọ̀kòkò wà, ti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà, ti àwọn ológun ìbọn náà wà. Bí ogun bá dé, amọ̀kòkò á gbé amọ̀ sílẹ̀, á gun odi tirẹ̀.

Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Luther wọn ga tó mítà 73. Góńgó kékeré mẹ́rin ló yí orí rẹ̀ ká. Àmì ni wọ́n jẹ́ fún àlejò láti ọ̀nà jíjìn pé ìlú yìí ní àṣẹ láti dá ẹjọ́ ikú fúnra rẹ̀. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nǹkan kan wà nípa ìlú ológiri tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níbikíbi: ẹni tó wà nínú mọ ara rẹ̀, ẹni tó wà lóde mọ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Románíà, tó jẹ́ pé àwọn ló kún gbogbo abúlé tó yí Sibiu ká, kò ní ẹ̀tọ́ láti ra ilé nínú odi náà. Ọdún 1781 ni Ọba Joseph Kejì ti Austria tó pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n di ọmọ ìlú. Wọ́n ti ń ta wàrà àti irun àgùntàn níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn láti sùn.

Mo kọjá lórí Afárá Irọ́, Podul Minciunilor. Ọdún 1859 ni wọ́n ṣe é, afárá onírin dídà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Románíà lónìí. Wọ́n ní bí òpùrọ́ bá tẹ̀ ẹ́, á wó. Àwọn olólùfẹ́ ń ya fọ́tò lórí rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, mo wọ ilé ọnà Brukenthal. Samuel von Brukenthal ni gómìnà Transylvania, ẹkùn tí Sibiu wà, láàárín 1777 àti 1787, Saxon ni; àfin rẹ̀ àti àwòrán tó kó jọ ni wọ́n ṣí fún gbogbo èèyàn ní 1817. Àwòrán kan tí Jan van Eyck yà wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ìwé àjákọ lọ: ọkùnrin kan tó wé aṣọ aláró mọ́rí, tó mú òrùka dání. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan níwájú rẹ̀. Irùngbọ̀n tí ọkùnrin náà kò fá mọ́ dáadáa hàn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba Kọ́múníìsì kó o lọ sí Bucharest ní 1948 pẹ̀lú àwọn àwòrán mìíràn, ó di 2006 kó tó padà sílé. Orí Ifẹ̀ tó wà nínú gíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá sí mi lọ́kàn, n kò sì lè lé e lọ.

Oúnjẹ alẹ́: ciorbă de burtă. Ṣàkì ni o! Wọ́n gé e wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, wọ́n sè é títí ó fi rọ̀, wọ́n fi wàrà kíkan àti aáyù sí i kó funfun, wọ́n gbé fínígà àti ata gígùn tútù kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ata mìíràn. Obìnrin tó gbé e wá wò mí bí mo ṣe ń jẹ ata náà, ó lọ sẹ́yìn, ó mú mẹ́ta wá. Lei 26, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́wó ná kó béèrè meniul zilei lọ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ náà, ọbẹ̀ àti oúnjẹ líle pọ̀. Ó dínwó gan-an sí ohun tó wà nínú ìwé oúnjẹ wọn.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ sí Sibiel jẹ́ àgọ́ méjì péré. Àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìyá àgbà mẹ́ta tí wọ́n gbé agbọ̀n, àti èmi. Kò tó wákàtí kan kó tó já mi sílẹ̀ láàárín oko àgbàdo, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ abúlé pẹ̀lú odò kékeré kan tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Mẹ́ńbà àwọn abúlé Mărginimea Sibiului ni Sibiel, abúlé 18 tó tò sí ẹsẹ̀ òkè. Abúlé àwọn darandaran àgùntàn ni wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn máa ń da ẹran gun òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òtútù bá dé wọ́n á da wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá odò Danube àti Òkun Dúdú, ìrìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì padà nígbà ìrúwé. Àgùntàn ló kọ́ ilé ńlá wọ̀nyẹn, tí géètì onígi wọn ga ju èèyàn méjì lọ, tí ẹni tó wà lóde kò ní rí ìrù adìẹ kan nínú rẹ̀.

Ìyá náà ti dúró sẹ́nu géètì. Mo kúnlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Wọ́n sáré di apá mi mú, wọ́n fà mí dìde, wọ́n fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú wọlé láìjọ̀wọ́ rẹ̀. A kò gbọ́ èdè ara wa. Mo mọ “bună ziua”, ẹ káàsán, àti “mulțumesc”, ẹ ṣeun, àwọn náà mọ “good” àti “eat”. Mo pe ọmọ wọn lórí fóònù, ó di ògbufọ̀ láti inú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́.

Wọ́n tú ẹrù náà sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé bàtà náà, wọ́n tẹ inú rẹ̀, wọ́n gbóòórùn awọ rẹ̀, wọ́n dá a padà sínú páálí. Ọmọ wọn ń bẹ̀ wọ́n láti Luton pé kí wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ti ọjọ́ ìsinmi ni. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bàtà tí mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Mọ́níyà ní 2021 ṣì wà nínú páálí tirẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n gbé gbẹ̀yìn. Wọ́n fi igun aṣọ iwájú wọn nu gíláàsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán Màríà lára ògiri.

Lẹ́yìn náà, oúnjẹ. Mămăligă ni wọ́n dà sórí pákó, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n rò pẹ̀lú omi àti iyọ̀, ó le ju ẹ̀kọ lọ, ó sún mọ́ túwó. Òwú ni wọ́n fi gé e. Wọ́n gbé wàràkàṣì àgùntàn tì í, wàrà kíkan, àti zacuscă tí wọ́n fi tàtàṣé àti ìgbá yíyan sè sínú ìgò fún ìgbà òtútù. Mo fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Inú wọn dùn sí ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo ṣe lọ.

Wọ́n mú mi lọ wo ilé àwòrán mímọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà abúlé náà, Zosim Oancea, ẹni tí ìjọba Kọ́múníìsì ti fi sẹ́wọ̀n fún ọdún púpọ̀, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1969. Ó ní kí àwọn ọmọ ìjọ mú àwòrán àtijọ́ tó wà ní ilé wọn wá. Wọ́n lé ní 600 lónìí. Gíláàsì ni wọ́n fi ya gbogbo wọn. Ẹ̀yìn gíláàsì ni ayàwòrán ti ń ṣiṣẹ́: ìlà tó tín-ín-rín, ojú, imú, ìka ọwọ́, ni yóò kọ́kọ́ fà, àwọ̀ aṣọ yóò tẹ̀lé e, òfuurufú tó wà lẹ́yìn ni yóò kùn kẹ́yìn. Ohun tí ojú àwa yóò kọ́kọ́ rí lòun kọ́kọ́ ṣe, bí ó bá sì ṣàṣìṣe, kò ṣeé tún ṣe. Láti Nicula ní àríwá Transylvania ni iṣẹ́ yìí ti gbòde, lẹ́yìn tí wọ́n ní àwòrán Màríà kan níbẹ̀ sunkún ní 1699. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó yà wọ́n. Àwọ̀ pupa wọn, àwọ̀ aláró wọn, kò ṣá. Jésù kan wà tí igi àjàrà hù jáde ní ìhà rẹ̀, tí ó ń fún èso rẹ̀ sínú ife. Ìyá náà na ìka sí ọ̀kan tó wà ní igun, wọ́n gbá àyà wọn. Ti ilé wọn ni.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ilé fún mi. Wọ́n á na ọwọ́ sí géètì tó tì pa: “Italia.” A rìn díẹ̀. “Spania.” Géètì aláró kan tí koríko ti hù lẹ́nu rẹ̀: “Germania. Germania.” Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà tiwọn, wọ́n fi ọwọ́ kan ara igi náà, wọ́n ní, “Anglia.”

Wọ́n fẹ́ di wàràkàṣì odindi kan àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ fún mi. Ọmọ wọn ló ṣàlàyé lórí fóònù pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ẹran àti wàrà látọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n wá kó ìgò mẹ́rin jáde: zacuscă méjì, magiun méjì, èso púlọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láìfi ṣúgà kankan sí i títí ó fi dúdú tó sì ki. Mo ní wọn kò ní jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ mi, ohun tó bá ki bí àkàsù, omi ni wọ́n kà á sí. Wọ́n juwọ́. Wọ́n ní kí n gbé e fún ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí igbó Dumbrava, ibi tí mùsíọ́ọ̀mù ASTRA wà ní gbangba, lórí hẹ́kítà 96. Orúkọ rẹ̀ ti ara ẹgbẹ́ kan wá tí àwọn ọ̀mọ̀wé Románíà dá sílẹ̀ ní Sibiu ní 1861 fún ìtẹ̀síwájú èdè àti àṣà wọn, ní ìgbà tí kì í ṣe àwọn ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Wọ́n tú ilé, ọlọ, ṣọ́ọ̀ṣì onígi, láti gbogbo Románíà, wọ́n tún wọn tò síbẹ̀ létí adágún.

Ẹ wá ojúmọ́ kan gbáko fún un. Àwọn ọlọ ló dá mi dúró: ọlọ afẹ́fẹ́ láti Dobrogea, ẹkùn tó wà létí Òkun Dúdú, ọlọ inú ọkọ̀ ojú omi, àti èyí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà, piuă. Omi ń yí àgbá, àgbá ń gbé òòlù igi ńlá sókè, òòlù ń gún aṣọ irun àgùntàn tútù nínú omi gbígbóná títí yóò fi ki tí òjò kò ní wọ inú rẹ̀. Odó àti ọmọ odó ni, omi ló ń gún un. Nítòsí rẹ̀ ni agbọ̀n igi ńlá kan wà tí omi ń já sínú rẹ̀ láti òkè, tó ń yí bí ìjì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ kúbùsù sí kí omi fọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ọwọ́ fọ kúbùsù rí yóò bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ronú kàn án.

Ọ̀sán ni mo dé Rășinari, abúlé tó tóbi díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń gba inú igbó wá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n dá a dúró ní 2011, irin ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà nínú koríko. Wọ́n bí Emil Cioran níbẹ̀ ní 1911, ọmọ àlùfáà abúlé. Ó lọ sí Párí ní 1937, ó fi èdè Románíà sílẹ̀, ó ń fi èdè Faransé kọ̀wé, òkìkí rẹ̀ kàn. Párí ló kú sí ní 1995. Mo dúró níwájú ilé tí wọ́n bí i sí, mo wo òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dá mi lójú pé kò sí ọjọ́ kan tí kò rí òkè yẹn ní Párí.

Ọjọ́ Àìkú

Àárọ̀, kàtídírà Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, tí wọ́n kọ́ láàárín 1902 àti 1906 tí wọ́n fi Hagia Sophia ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Orí ìdúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn wà fún wákàtí méjì. Orin wọn kò ní dùùrù, ohùn nìkan ni.

Lẹ́yìn náà, Cisnădie, bọ́ọ̀sì lei díẹ̀ sí gúúsù. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Saxon ló wà láàárín rẹ̀, odi yí i ká bí ààfin, nítorí nígbà tí àwọn Tọ́ọ̀kì ń gbógun wá, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ìlú ń sá sí pẹ̀lú oúnjẹ àti ẹran ọ̀sìn wọn. Orí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ri ọ̀pá irin tó ń gba àrá kó má bàa sán lu ilé ní Transylvania, ní 1795. Mo sọ ọ́ sókè fúnra mi pé, “Káwò ó!”

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Cisnădioara. Orí òkè gọngọ ni ṣọ́ọ̀ṣì kékeré wọn wà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé láti 1223. Òkúta odò roboto ńláńlá wà nínú ọgbà rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀dọ́kùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ yí òkúta kan láti odò gun òkè yẹn, kí ìlú rí i pé agbára rẹ̀ tó ilé gbé, kí òkúta sì wà nílẹ̀ tí wọn yóò yí lu ọ̀tá. Àwọn àna tiwa máa ń béèrè iṣu. Mo fi ọwọ́ ti òkúta kan, kò mì.

Òkè yẹn dákẹ́ rọ́rọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn Saxon ti wá wúwo lọ́kàn mi. Ní 1930, ẹgbẹ̀rún 745 ni àwọn ará Jámánì tó wà ní Románíà. Ní ìkànìyàn 2021, wọn kò ju ẹgbẹ̀rún 23 lọ. Oṣù Kìíní 1945 ni wọ́n kó àwọn tó lágbára lára wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, lọ ṣiṣẹ́ àfipáṣe ní Soviet. Nígbà tó yá, ìjọba Ceaușescu, olórí Kọ́múníìsì tó ń ṣàkóso Románíà, ń gba owó lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá yọ̀ǹda kó máa lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Ceaușescu lọ ní oṣù Kejìlá 1989, ẹnubodè ṣí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù sì lọ láàárín ọdún díẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ. Àwọn bàbá wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí ni a ó wá pe àjò tí ó pẹ́ débi pé ó di ilé, tí onílé wá kó kúrò nínú rẹ̀ padà sí ibi tí kò mọ̀? Síbẹ̀, àwọn ará Sibiu, tí ọmọ Románíà pọ̀ jù lára wọn, ló dìbò fún ọ̀kan nínú àwọn Saxon tó kù, Klaus Iohannis, kó di olórí ìlú ní 2000. Ó wà níbẹ̀ títí ó fi di ààrẹ Románíà ní 2014. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tún ìlú náà ṣe tó fi di olú-ìlú àṣà ní Yúróòpù ní 2007. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ó sì ṣì ń dùn.

Ìrọ̀lẹ́, mo gbé ìgò mẹ́rin náà lọ fún ọkọ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ni, ọkọ̀ akérò kan pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn. Èèyàn ti tò: àpò àwúsá, àpò ọ̀dùnkún, ìgò nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, bàbá kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mákà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, Luton, Leicester, Birmingham. Awakọ̀ wọn ẹrù mi lórí ìwọ̀n, lei 60. Ó wo orúkọ tí mo kọ, ó wo ojú mi, ó béèrè lọ́wọ́ mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bóyá mo jẹ́ ẹbí wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé

Mo ra covrigi ìkẹyìn, mo gba abẹ́ àwọn ojú orí òrùlé lọ sí ibi bọ́ọ̀sì. Ìṣirò owó: ọkọ̀ òfurufú £68; ibi ìsùn lei 400; oúnjẹ lei 430; ọkọ̀ inú ìlú, ọkọ̀ ojú irin àti ẹnu ọ̀nà àwọn mùsíọ́ọ̀mù lei 210; ẹrù lei 60. Ó ku díẹ̀ kó pé £260. Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fi ra kúbùsù irun àgùntàn kékeré kan fún màmá mi. Mo mọ̀ pé wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Ọjọ́bọ ni ẹrù náà dé Luton, awakọ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Ó mú ìgò kan wá sí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. A wà nínú yàrá ìsinmi, ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣí i, ó bu magiun náà pẹ̀lú ṣíbí, ó gbé e sẹ́nu, kò sọ̀rọ̀. Ó tún bu òmíràn, ó nà án sí mi.